Ọ́fíìsì Ìṣirò Owó Oṣù Kan Lẹ́yìn Ọjà Sábó, Ìkòròdú: Ibi Tí Ó Dára àti Ibi Tí Ó Kù Díẹ̀ Káàtó

Lẹ́tà ìgbaniṣíṣẹ́ tí ó tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ìparí ọdún 2025 sọ pé owó oṣù mi yóò jẹ́ 350,000 náírà. Ìgbógbó ni mo ń gbé pẹ̀lú ìyàwó mi àti ọmọ méjì, mo sì ti ń bójú tó ilé ìkẹ́rùsí ní ilé-iṣẹ́ kan ní Odògúnyàn fún bí ọdún mẹ́fà. Ilé-iṣẹ́ tí ó fẹ́ gbà mí yìí wà ní Ògìjó, níbi tí ilẹ̀ Ìpínlẹ̀ Èkó ti tán tí ti Ìpínlẹ̀ Ògùn sì bẹ̀rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀ kí n tó fọwọ́ sí ìwé náà: èló ni yóò wọ àpò mi gan-an ní ìparí oṣù, lẹ́yìn tí ìjọba bá ti gba owó orí, tí owó ìfẹ̀yìntì àti àwọn owó mìíràn tí òfin ní kí wọ́n yọ sì ti kúrò? Ìbéèrè yìí ni ó gbé mi dé ọ́fíìsì ìṣirò kan lẹ́yìn ọjà Sábó. Mo ti lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta báyìí, ìgbà méjì nítorí owó oṣù tèmi, ìgbà kan nítorí àbúrò mi tí ó wà ní Amẹ́ríkà. Mo gbóríyìn fún wọn gidigidi lórí ìṣirò owó oṣù ti ilẹ̀ wa níhìn-ín. Lórí ti òkè òkun, wọ́n ní àtúnṣe láti ṣe.

Kí n tó gbọ́ nípa wọn, mo ti lo áàpù méjì lórí fóònù mi. Àkọ́kọ́ béèrè iye owó oṣù, owó ìfẹ̀yìntì àti owó NHF tí a ń dá fún ilé gbígbé. Ó ní 282,610 náírà ni yóò kù sí mi lọ́wọ́. Èkejì kò béèrè ju iye owó oṣù lọ, ó sì ní 281,540 náírà ni. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì lé díẹ̀ ní 1,000 náírà, èyí tí ẹlòmíràn lè kà sí kékeré, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń dùn mí ni pé kò sí èyí tí ó sọ bí òun ṣe rí iye tí òun rí. Bí ẹ̀rọ méjì bá dáhùn ìbéèrè kan náà lọ́nà méjì, tí kò sì sí èyí tí ó fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn, kí ni ẹni tí ó fẹ́ fi iṣẹ́ ọdún mẹ́fà sílẹ̀ yóò dì mú?

Ọ́fíìsì náà kò ju yàrá méjì lọ. Bàbá àgbàlagbà kan tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ ìsanwó oṣù ní ilé-iṣẹ́ aládàáni kí ó tó fẹ̀yìntì ni ó ni ín, ọ̀dọ́bìnrin kan tí ó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa sì ń ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí mo jókòó, mo na lẹ́tà mi sí bàbá náà, mo sì rò pé yóò yí sí kọ̀ǹpútà lójú ẹsẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó yọ ìwé funfun kan, ó mú bírò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ìbéèrè wọ̀nyẹn ni mo fi mọ̀ pé owó mi kò ní ṣòfò.

Ó kọ́kọ́ béèrè pé, “Ọmọ mi, 350,000 yìí, ṣé owó oṣù nìkan ni, àbí gbogbo ohun tí wọn yóò ná lé ọ lórí ni wọ́n rò pọ̀?” N kò tilẹ̀ mọ̀ pé ìyàtọ̀ wà níbẹ̀. Ó ṣàlàyé pé lábẹ́ òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014, òṣìṣẹ́ ń dá ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, agbanisíṣẹ́ sì ń fi ìdá 10 tirẹ̀ kún un, àti pé àwọn ilé-iṣẹ́ kan a máa ka ìdá 10 yẹn mọ́ iye tí wọ́n kọ sínú lẹ́tà kí ó lè tóbi lójú ẹni tí ń kà á. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tèmi rí, 27,500 náírà nínú owó náà kì bá tí jẹ́ owó oṣù mi rárá. 322,500 ni à bá máa ṣírò lé lórí. A ka lẹ́tà náà pọ̀ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan títí a fi rí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ti agbanisíṣẹ́ wà lọ́tọ̀. Ìgbà yẹn ni ọkàn mi tó balẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ó wá béèrè bí wọ́n ṣe pín owó náà. Bésíìkì jẹ́ 150,000 náírà, àjẹmọ́nú ilé jẹ́ 75,000, ti ọkọ̀ jẹ́ 50,000, àwọn àjẹmọ́nú kéékèèké bíi oúnjẹ ọ̀sán àti iná mànàmáná sì jẹ́ 75,000 tí ó kù. Ó fi bírò fa ìlà sí abẹ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ó ní orí àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ti máa ń yọ owó ìfẹ̀yìntì, kì í ṣe orí gbogbo owó oṣù. Ìdá 8 nínú 275,000 jẹ́ 22,000 náírà. Áàpù kejì tí mo lò ti ka ìdá 8 lórí gbogbo 350,000, ó sì fi 6,000 náírà kún owó ìfẹ̀yìntì mi lóṣooṣù láìnídìí. NHF ní tirẹ̀ jẹ́ ìdá 2.5 lórí bésíìkì nìkan, èyí tí ó fún wa ní 3,750 náírà. Áàpù kejì yẹn kò mọ̀ ọ́n rárá.

Ó tún béèrè iye tí mo ń san fún onílé mi lọ́dún àti bóyá mo ní rìsíìtì. 600,000 náírà ni mo ń san, mo sì ní rìsíìtì àti ìwé àdéhùn. Ó béèrè bóyá mo ní ìdójútòfò ẹ̀mí, bóyá mo yá owó láti kọ́ ilé tí èmi fúnra mi ń gbé, nítorí pé òfin fàyè gba kí a yọ owó ìdójútòfò bẹ́ẹ̀ àti èlé orí irú ẹ̀yáwó bẹ́ẹ̀ kúrò kí a tó ka owó orí. N kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Mo wá sọ fún un pé mo ń dá 20,000 náírà lóṣù sí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa, mo sì rò pé ìyẹn náà yóò dín owó orí mi kù. Ó ní rárá, pé ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi dá sílẹ̀ ni, ó ń kúrò lára owó tí ó ti dọ́wọ́ mi, kò sì kan ìjọba.

Ibi tí ó ti ṣàlàyé òfin tuntun fún mi ni mo gbádùn jù. Òfin owó orí tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní ọjọ́ 26 oṣù Òkudù ọdún 2025 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2026, ó sì yí ìṣirò tí gbogbo wa ti mọ̀ padà. Lábẹ́ ti àtijọ́, irú èmi ń gba àmúkúrò, ìyẹn owó tí wọn kì í gba owó orí lé lórí, tí ó jẹ́ 200,000 náírà àti ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ó wọlé fún wa; lẹ́yìn náà ni wọn yóò wá gba ìdá 7 lórí 300,000 àkọ́kọ́, tí yóò sì máa gòkè títí dé ìdá 24. Òfin tuntun ti gbé àmúkúrò yẹn kúrò. Dípò rẹ̀, 800,000 náírà àkọ́kọ́ nínú ọdún kò ní owó orí kankan. 2,200,000 tí ó tẹ̀lé e ń san ìdá 15. 9,000,000 tí ó tún tẹ̀lé e ń san ìdá 18. Lẹ́yìn náà ni ìdá 21, 23, títí dé ìdá 25 fún owó tí ó bá kọjá 50,000,000 lọ́dún. Àyálégbé sì lè yọ ìdá 20 nínú owó ilé tí ó san, ṣùgbọ́n iye tí ó yọ kò gbọdọ̀ ju 500,000 náírà lọ. Ẹni tí ń gba owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin là sílẹ̀, tí ó jẹ́ 70,000 náírà láti ọdún 2024, kò ní owó orí láti san rárá.

Mo sọ ìbẹ̀rù tí ó wà lọ́kàn mi fún un. Láti ìgbà tí mo ti ń gba owó oṣù ni mo ti ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ mi pé bí ìgbéga bá mú owó ẹni wọ ipele tuntun, owó orí yóò gba gbogbo ìgbéga náà tán, ẹlòmíràn a tilẹ̀ ní òun ti mọ ẹni tí owó rẹ̀ dín kù nítorí pé wọ́n fi kún un. Bàbá náà ya igbá mẹ́ta sórí ìwé. Ó ní owó ọdún dà bí omi tí à ń bù: igbá àkọ́kọ́ gba 800,000, ìjọba kì í fọwọ́ kàn án, nígbà tí ó bá kún ni omi tó ń wọ igbá kejì, inú igbá kejì nìkan ni ìdá 15 sì wà, nígbà tí ìyẹn náà bá kún ni ìyókù tó ń lọ sínú igbá kẹta, níbi tí ìdá 18 wà. Kò sí bí omi igbá kẹta ṣe lè mú kí ti igbá kìíní dín. Mo ti dàgbà tó ọkùnrin, mo sì ti ń gba owó oṣù fún ọdún mẹ́tàlá, ọjọ́ yẹn ni ó tó yé mi.

Ìgbà náà ni ó tó pe ọ̀dọ́bìnrin náà kí ó tẹ gbogbo rẹ̀ sí kọ̀ǹpútà. Owó ọdún jẹ́ 4,200,000 náírà. Wọ́n yọ 264,000 fún ìfẹ̀yìntì, 45,000 fún NHF, àti 120,000 tí ó jẹ́ ìdá 20 owó ilé mi. Ó ku 3,771,000 tí owó orí lè bá. Igbá kìíní gba 800,000 láìsan ohunkóhun, igbá kejì mú 330,000 wá, 771,000 tí ó kù sì san 138,780. Àpapọ̀ owó orí jẹ́ 468,780 náírà lọ́dún, 39,065 lóṣù. Ohun tí ó kù sí mi lọ́wọ́ jẹ́ 285,185 náírà. Wọ́n tẹ gbogbo ìlà yìí jáde fún mi ní ojú ìwé kan ṣoṣo, pẹ̀lú ìdí tí iye kọ̀ọ̀kan fi wà níbẹ̀. Nígbà tí mo fi ti áàpù àkọ́kọ́ hàn wọ́n, ọ̀dọ́bìnrin náà wò ó díẹ̀, ó sì rí i pé òfin àtijọ́ ni ó ṣì ń lò: 41,640 náírà tí ó kà sí owó orí bá ìṣirò ti ọdún 2025 mu gẹ́lẹ́.

Ọ̀rọ̀ Ògìjó ni mo fẹ́ kí gbogbo ará Ìkòròdú tí ń ṣiṣẹ́ ní ìkọjá ààlà fetí sí, nítorí pé a pọ̀ tí à ń jí lójoojúmọ́ tí a ń kọjá sí Ògìjó tàbí Ṣàgámù. Mo ti rò pé Ìpínlẹ̀ Ògùn ni yóò máa gba owó orí mi, mo sì ń bẹ̀rù pé ìjọba àpapọ̀ náà yóò tún wá gba tirẹ̀. Bàbá náà ní owó orí owó oṣù kan ṣoṣo ni ó wà fún irú èmi: ìjọba àpapọ̀ ni ó ń ṣe òfin rẹ̀, ìdí nìyí tí iye rẹ̀ kò fi yàtọ̀ láti Badagry dé Maiduguri, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ ni ó ń gbà á. Àwọn tí ìjọba àpapọ̀ ń gba tiwọn tààrà ni àwọn bí ọmọ ogun, ọlọ́pàá, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè àti àwọn tí ń gbé ní Àbújá. Ní ti ìpínlẹ̀ tí yóò gbà á, ibi tí òṣìṣẹ́ ń gbé ni òfin ń wò, kì í ṣe ibi tí ilé-iṣẹ́ kọ́ ògiri rẹ̀ sí. Níwọ̀n ìgbà tí mo bá ń sùn ní Ìgbógbó, LIRS, ilé-iṣẹ́ tí ń gba owó orí fún Ìpínlẹ̀ Èkó, ni ó ni owó orí mi. Iye tí yóò kù sí mi lọ́wọ́ kò yí padà, ṣùgbọ́n bí agbanisíṣẹ́ bá fi owó náà ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta, ọjọ́ tí mo bá nílò ìwé ẹ̀rí owó orí ní Èkó ni n óò tó mọ̀ pé kò sí àkọsílẹ̀ mi níbẹ̀. Ó ní kí n kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù tí n óò fún ilé-iṣẹ́ náà ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tún rán mi létí pé òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní láti kọ àkọsílẹ̀ owó tí ó wọlé fún un lọ́dún ránṣẹ́ sí LIRS kí ó tó di ọjọ́ 31 oṣù Ẹrẹ́nà, bí agbanisíṣẹ́ tilẹ̀ ti yọ owó orí náà lóṣooṣù.

Ohun kan wà tí ó bọ́ lọ́wọ́ wọn nínú ìṣirò tèmi. Lẹ́tà náà sọ ní ojú ìwé kejì pé n óò gba 150,000 náírà owó ìsinmi lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Kò sí ẹni tí ó béèrè nípa rẹ̀, kò sì sí nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ fún mi. Ìyàwó mi ni ó rí i nígbà tí ó ń ka lẹ́tà náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó sì bi mí pé ṣé gbogbo 150,000 náà ni yóò wọlé. Mo padà lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Bàbá náà gbà pé àṣìṣe òun ni, ó ní igbá kẹta ni owó náà yóò bọ́ sí tààrà nítorí pé méjì àkọ́kọ́ ti kún, àti pé 27,000 náírà yóò lọ fún owó orí, 123,000 yóò sì kù. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi fún àtúnṣe náà. Síbẹ̀, ó yẹ kí owó ìsinmi àti owó oṣù kẹtàlá wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí ó bá wọlé, nítorí pé orí irú owó bẹ́ẹ̀ gan-an ni a máa ń gbé ètò owó ilé-ìwé lé.

Ìgbà kẹta tí mo lọ, ọ̀rọ̀ àbúrò mi obìnrin ni mo bá lọ. Iṣẹ́ méjì ni ó wà níwájú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà: ọ̀kan ní Houston ní ìpínlẹ̀ Texas, tí owó rẹ̀ jẹ́ 65,000 dọ́là lọ́dún, èkejì ní Philadelphia ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, tí ó jẹ́ 70,000. Gbogbo ẹbí ti pinnu fún un pé Philadelphia ni, nítorí pé 5,000 dọ́là kì í ṣe ohun tí à ń fi ojú fo. Èmi ni mo ní kí ó dúró díẹ̀.

Ọ̀dọ́bìnrin tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan ni ó ń ṣe ti òkè òkun. Òun náà kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè. Irú ìwé wo ni àbúrò mi fi ń gbé níbẹ̀? Ó ní akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà lórí físà F-1 kì í san owó Social Security àti Medicare, ìyẹn owó tí wọ́n ń yọ fún ìfẹ̀yìntì àti ìtọ́jú ìlera àwọn àgbàlagbà, láàárín ọdún márùn-ún àkọ́kọ́ rẹ̀, àti pé ẹni tí òfin owó orí wọn ṣì kà sí àlejò kì í sábà ní àǹfààní àmúkúrò gbogboogbò tí àwọn olùgbé ń gbà. Green card ni àbúrò mi ní. Ṣé ó ti lọ́kọ, ṣé ó ní ọmọ? Kò tíì sí. Ó wá ṣàlàyé pé ní ti Amẹ́ríkà, ìjọba àpapọ̀ ń gba owó orí tirẹ̀, ìpínlẹ̀ sì tún ń gba tirẹ̀ lọ́tọ̀, lórí owó oṣù kan náà, àti pé Texas wà lára àwọn ìpínlẹ̀ díẹ̀ tí kì í gba owó orí lórí owó oṣù rárá, bíi Florida, Nevada àti Tennessee. Pennsylvania ń gba ìdá 3.07 lórí gbogbo owó oṣù láti dọ́là àkọ́kọ́, kò sí igbá tí ó ṣófo níbẹ̀.

Ìṣirò ti Houston lọ báyìí. Nínú 65,000, àmúkúrò gbogboogbò ti ọdún 2026 fún ẹni tí kò lọ́kọ jẹ́ 16,100, ó ku 48,900. Ìdá 10 lórí 12,400 àkọ́kọ́ jẹ́ 1,240 dọ́là, ìdá 12 lórí 36,500 tí ó kù jẹ́ 4,380. Owó orí ìjọba àpapọ̀ jẹ́ 5,620. Social Security gba ìdá 6.2, Medicare gba ìdá 1.45, láìsí àmúkúrò kankan, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 4,972.50. Ohun tí ó kù jẹ́ 54,407.50 dọ́là. Fún Philadelphia, ìjọba àpapọ̀ yóò gba 6,570 nítorí pé 3,500 dọ́là nínú owó náà ti wọ ipele ìdá 22, Social Security àti Medicare yóò gba 5,355, ìpínlẹ̀ yóò gba 2,149. Ó ní 55,926 ni yóò kù. Philadelphia fi 1,518.50 borí lórí ìwé wọn, mo sì fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi ní alẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ọjọ́ kẹta ni ó pè mí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́, àwọn tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sọ fún mi pé ìlú Philadelphia fúnra rẹ̀ ń gba owó orí lórí owó oṣù. Ṣé ẹ kà á?” A kò kà á. Láti ọjọ́ 1 oṣù Agẹmọ ọdún 2025, ìlú náà ń gba ìdá 3.74 lórí owó oṣù àwọn tí ń gbé inú rẹ̀, èyí tí ó ju ohun tí ìpínlẹ̀ Pennsylvania gan-an ń gbà lọ. Lórí 70,000 dọ́là, ó jẹ́ 2,618. Nígbà tí a yọ ọ́, 53,308 ni ó kù, Houston tí owó rẹ̀ kéré lójú lẹ́tà sì wá fi 1,099.50 borí, kí a tó ka àwọn owó kéékèèké mìíràn. Àṣìṣe kan ṣoṣo yí ìdáhùn padà pátápátá, bí àbúrò mi bá sì ti fọwọ́ sí ìwé ní alẹ́ tí mo fi ìṣirò ránṣẹ́ sí i, èmi ni n óò jẹ̀bi rẹ̀.

Mo sọ eléyìí fún wọn láìfi bò. Ọ̀dọ́bìnrin náà tọrọ gáfárà, ó tún un ṣe láìgbowó, ó sì fi ohun kan kún un tí n kò mọ̀: bí àbúrò mi bá ń dá owó sí 401(k), èyí tí ó jẹ́ owó ìfẹ̀yìntì tiwọn, ìjọba àpapọ̀ yóò yọ owó náà kúrò kí ó tó ṣírò owó orí, ṣùgbọ́n Pennsylvania kò ní yọ ọ́. Ó dára pé ó mọ èyí. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá lè mọ irú ohun tí ó jinlẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó sì gbàgbé owó orí ìlú, a jẹ́ pé ìlànà tí ó ń tẹ̀ lé fún òkè òkun kò tíì pé. Bàbá náà ní ìwé ìbéèrè tí ó ti wà lórí rẹ̀ láti ọdún pípẹ́, ó yẹ kí wọ́n kọ irú rẹ̀ sílẹ̀ fún Amẹ́ríkà, kí “ìlú wo, àdúgbò wo?” sì wà ní ìlà àkọ́kọ́. Irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí IRS, ilé-iṣẹ́ tí ń gba owó orí fún ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ní lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ó ń jẹ́ Tax Withholding Estimator kò lè ran ẹni lọ́wọ́ níbẹ̀, nítorí pé owó orí ìjọba àpapọ̀ nìkan ni ó ń ṣírò, kì í ka ti ìpínlẹ̀ tàbí ti ìlú.

Ní ti owó iṣẹ́, 7,000 náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi fún ti ilẹ̀ wa, 10,000 fún ti Amẹ́ríkà. Èyí àkọ́kọ́ kò wọ́n rárá fún ohun tí mo rí gbà. Ẹ lọ ní òwúrọ̀, nítorí pé láti ọ̀sán ni èrò máa ń pọ̀, kò sì sí ju àga mẹ́ta lọ fún àwọn tí ń dúró. Ohun kan wà tí ó bí mi nínú díẹ̀: ìwé owó oṣù àwọn oníbàárà mìíràn wà lórí tábìlì ní gbangba, mo sì lè ka orúkọ àti iye tí ẹnìkan ń gbà láti ibi tí mo jókòó sí. Owó oṣù jẹ́ ọ̀rọ̀ àṣírí láàárín wa; ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni ìyàwó rẹ̀ kò mọ iye tí ó ń gbà. Mo sọ fún bàbá náà kí n tó kúrò, ó sì kó wọn sínú fáìlì lójú mi. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún tèmi náà.

Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, tí kò sì ní owó ilé tàbí ìdójútòfò láti yọ, lè ṣe ìṣirò yìí fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ ìṣirò lásán, bí ó bá ti mọ àwọn igbá yẹn. Ẹni tí ó ń gbé ní Ìkòròdú tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Ògùn, tàbí tí lẹ́tà rẹ̀ kún fún àjẹmọ́nú oríṣiríṣi, kí ó lọ bá bàbá náà, kí ó sì mú gbogbo ojú ìwé lẹ́tà rẹ̀ dání. Fún ti Amẹ́ríkà, kí ẹ fúnra yín béèrè nípa ìlú kí wọ́n tó tẹ ohunkóhun sí kọ̀ǹpútà.

Àbúrò mi ti wà ní Houston báyìí. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ògìjó ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, owó oṣù mi àkọ́kọ́ sì jẹ́ 283,385 náírà, èyí tí ó fi 1,800 dín sí ti ìwé tí wọ́n tẹ̀ fún mi. Mo gbé ìwé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, mo sì rí ibi tí ó ti yàtọ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀: ilé-iṣẹ́ náà kò tíì yọ ìdá 20 owó ilé mi, nítorí pé n kò tíì fún wọn ní rìsíìtì. Mo mú un lọ fún wọn ní ọjọ́ kejì pẹ̀lú ìwé àdéhùn mi. Ní ìparí oṣù Èrèlé, 285,185 ni ó wọlé.